Oògùn ajá kì í ṣe ti ológbò

Lánàá, bí dókítà ẹran ṣe ń ya irun ọrùn ajá wa sọ́tọ̀ kí oògùn eégbọn tí ó ń kán lè dé awọ, ìyá kan béèrè bóyá òun lè kán èyí tó kù sí ológbò òun lára. Dókítà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dán an wò." Permethrin, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò, ló wà nínú rẹ̀, ara ajá gbà á, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú u ká bó ti yẹ, gìrì sì lè mú un títí tí yóò fi kú. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n sì fi kọ ìkìlọ̀ náà sára páálí! Fipronil, oògùn eégbọn mìíràn, èyí tí wọ́n ṣe fún ológbò, ni dókítà júwe fún un, ó ní oògùn náà kò gbọdọ̀ kan ehoro rárá.