Ẹ̀kọ́ tí kọ́ńsáàtì àwọn ọmọ wa kọ́ mi ní Ìlọrin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí àwọn ọmọ ẹ̀ka orin tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ kọ́ńsáàtì ọdún yìí. Mẹ́rin ni: ti àwọn tó ń tẹ píánò, ti àwọn tó ń ta fáyólìn àti sẹ́lò (irú fáyólìn ńlá tí wọ́n ń jókòó ta), ti àwọn tó ń dá kọrin, èyí tó kẹ́yìn sì ni ti ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n ti ń wá bá mi ní ọ́fíìsì, "Mà, kí la máa ṣe kó lè dùn?" Ohun tí mò ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn adarí akọrin àti olùkọ́ orin tó wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ìgbàjà náà ń gbèrò irú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú ara rẹ̀ rí gbogbo ohun tí mo ti rí.

Orin kíláásíkà àwọn òyìnbó ni à ń sọ yìí, kì í gba máìkì. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi ti ṣẹ̀. Ohùn tí ọmọ bá fi ọrun fà jáde lára okùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rìn já gbọ̀ngàn títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, kò sí ẹ̀rọ tí yóò gbà á lẹ́rù. Ariwo yòówù tó bá wà nílẹ̀, ìyẹn yóò máa bá a du etí àwọn èèyàn. Fáànù tó ń dún, àga tó ń wọ́ nílẹ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹnì kan ń fún lọ́wọ́. Ọmọ ló ń fi ìka rẹ̀ múra orin sílẹ̀. Àwa tí à ń ṣètò la gbọ́dọ̀ múra ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì pẹ́ kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún kejì tí mo dé ẹnu iṣẹ́ ni ọmọkùnrin kan fẹ́ tẹ apá kejì nínú sonata (orin alápá mélòó kan) tí òyìnbó kan tó ń jẹ́ Beethoven kọ, apá tó rọra ń lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èémí ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe jókòó báyìí ni wọ́n mú iná lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ràn wá lọ́wọ́ sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀, àbẹ́ fèrèsé gbọ̀ngàn gan-an ló sì wà. Mo wà ní ìlà kẹta, mo ń rí ìka rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ tó ti Àjàṣẹ́-Ìpo wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ìyá wa, ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?" Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ètò wa sí ojú ọ̀sán. Píánò onígi ò mọ iná mọ̀nàmọ́ná rárá, fáyólìn ò mọ̀ ọ́n, ọ̀fun èèyàn náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí oòrùn wọlé, iná bá wù kó lọ. Tó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù lẹ ní, ẹ wá ínfátà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wá di dandan, ẹ ra wáyà tó gùn dáadáa, kí ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé kejì.

Aago ló tẹ̀ lé e. Ìlọrin la wà, ìlú Mùsùlùmí ni, ẹni tó bá sì mú aago lásán láìbi èèyàn léèrè yóò rí i pé ìpè ìrun yóò bọ́ sí àárín orin rẹ̀, yóò sì tún rí i pé ìdajì àwọn tó pè yóò dìde jáde, wọn ò sì jẹ̀bi. Ààfáà tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn wa ló là mí lóye. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká kírun Aláásárì tán, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ parí kí Màgàríbì tó wọlé. Ẹ má fi sí ọ̀sán Jímọ̀ láéláé." Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Láàárín ìrun méjèèjì, èèyàn á rí nǹkan bíi wákàtí méjì, kọ́ńsáàtì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ò sì yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo máa ń fi orúkọ bàbá yẹn sí ìwé ètò ní ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹ ní in lọ́kàn náà pé òrùlé páànù àti òjò kì í jọ gba orin láyè. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá, ẹ ní ọjọ́ mìíràn nílẹ̀ tí ẹ lè sún un sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọyẹ́, torí òun ló ti gba omijé jù lọ lójú àwọn ọmọ mi. Igi máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń dá a padà. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ètè èèyàn ń là, igi fáyólìn náà ń gbẹ, ó ń sún kì. Èèkàn tí wọ́n fi ń fa okùn yóò wá tú nínú ihò rẹ̀. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan ṣí àpótí fáyólìn rẹ̀ nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kó gun orí pèpéle. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dẹ̀, wọ́n nà gbalaja bí okùn aṣọ tí ẹnì kan já. Mo gbé e, mo mì í, mo gbọ́ tí nǹkan kan ń ta kóró-kóró nínú ikùn rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó máa ń dúró nínú ibẹ̀ láàárín àyà àti ẹ̀yìn fáyólìn. Wọn kì í fi lẹ̀ẹ́mọ́ lẹ̀ ẹ́, fífà tí okùn ń fa àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló di í mú. Okùn dẹ̀, igi ṣubú. Kò sí irinṣẹ́ tí a lè fi gbé e dìde lọ́jọ́ náà. Fáyólìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi jáde. Ẹni tó bá ń ta á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: bí ẹni wọ bàtà ẹlòmíì lọ sáré ni. Ó ṣe é parí. Mo dì mọ́ ọn lẹ́yìn pèpéle, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí nìyí. Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, mo ra abọ́ ọṣẹ oníhò tó ní ìdérí fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, a gé fóòmù sínú rẹ̀, a rẹ ẹ́ sómi, a fún un dáadáa kó má baà máa kán, a sì fi sínú àpótí fáyólìn. Lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un rẹ. Bí èèkàn bá ń yọ̀, ẹ tú okùn kan ṣoṣo, ẹ fa èèkàn rẹ̀ yọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á lára, ẹ tì í padà bí ẹ ṣe ń yí i, kí ẹ tó lọ sórí èkejì. Ẹ má tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, nítorí igi tí mo sọ yẹn. Ẹ má gbé e sí búùtù ọkọ̀, bó ti wù kí ìrìn àjò kúrú tó.

Ti píánò ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: bọ́tìnnì 88, okùn tó lé ní 200, tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sí ibi tí yóò wà, kó lo ọjọ́ bíi mélòó kan níbẹ̀, kí ẹ tó ránṣẹ́ sí ẹni tó máa tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bó bá ti tún un ṣe tán, ẹnikẹ́ni má sún un mọ́.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá gbọ́ wa, níbi tí mo ti ṣẹ̀. Lọ́dún kan, bàbá kan ti Ọ̀fà wá gbọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Bí ọmọ náà ṣe ta apá àkọ́kọ́ tán ni bàbá dìde, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń kì í, "Àjàní! Ìyẹ̀rú Ọ̀kín!" Mo rán ọ̀dọ́ kan sí i pé kó jókòó, orin ò tíì parí. Ó jókòó, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Nígbà tí orin wá parí lóòótọ́, tí gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, ọwọ́ bàbá náà wà lórí orúnkún rẹ̀. Kò gbé e. Ojú rẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo lọ kúnlẹ̀ kí i kó tó wọkọ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá wa, mi ò mọ̀ pé ó kù ni."

Ta ni ì bá sọ fún un? Ìlú tí Odòlayé Àrẹ̀mú ti kọ dàdàkúàdá la wà. Nínú orin yẹn, bí àwọn èèyàn bá dákẹ́, akọrin yóò rò pé òun ò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ dá a lóhùn, ẹ ná an lówó, ẹ kígbe, ìyẹn ni ọ̀wọ̀. Ti tiwa ni pé dídákẹ́ ni ọ̀wọ̀, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa fi inú mọ ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ orin yìí gan-an ò bá ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ pàdé. Ní 1778, Mozart, ọ̀kan nínú wọn, kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀ láti Paris pé àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ láàárín sínfónì òun (orin ńlá fún ẹgbẹ́ onílù àti olókùn), inú rẹ̀ sì dùn, torí nígbà tó ń kọ ọ́ ló ti mọ̀ pé ibẹ̀ máa dùn mọ́ wọn. Àṣà kí èèyàn dákẹ́ láàárín apá kan sí èkejì, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ló wá fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nítorí náà, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yóò jáde, yóò fi Yorùbá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì péré: apá mélòó ni orin yìí ní, kí ni kí wọ́n fetí sí nínú rẹ̀, ìgbà wo ló máa parí. Mo kọ́ àwọn ọmọ náà pé bí ẹnì kan bá pàtẹ́wọ́ láàárín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, kí wọ́n tẹrí ba díẹ̀, kí wọ́n dúró kó parí. A ò rán ẹnikẹ́ni sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀rọ̀ gèlè ńkọ́? Àwọn ìyá á wé e dé òkè, ọ̀wọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n sì fi ń ṣe. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé kí wọ́n jọ̀wọ́ wé èyí tó rọra jókòó sórí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ Messiah, orin ìsìn ńlá tí Handel ṣe, sétí àwọn èèyàn ní Dublin lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin 1742, wọ́n bẹ àwọn obìnrin nínú ìwé ìròyìn pé kí wọ́n má wọ yẹ̀rì tó ń fẹ̀ wá, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin fi idà sílé, kí àyè lè gba èèyàn sí i. Mo ka ìyẹn sétí àwọn ìyá wa lọ́jọ́ kan, wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ má sì ṣe ètò tí kò ní orin ọmọ Yorùbá kankan nínú. Fela Sowande kọ orin fún àwọn ohun èlò olókùn, Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) kọ orin Yorùbá fún ohùn ọkùnrin àti píánò. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò ń tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún lẹ́nu wa. Ẹni tó ti dàgbà nínú orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ ń lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́rùn yóò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí ni mo máa ń fi sí ìparí, torí àwọn arúgbó á ti máa fi orí gbà á.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní òwúrọ̀ níbí. Lánàá mo ra abọ́ ọṣẹ méjìlá ní Ọjà Ọba, ṣọ́ọ̀kì ti wà nínú báàgì mi. Ààfáà ti kọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sára ògiri yàrá rẹ̀. Àga kan wà ní ìlà kejì, létí ọ̀nà, tí mo ti fi pamọ́ fún bàbá tó ti Ọ̀fà wá yẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fẹ́ ta sẹ́lò lọ́tẹ̀ yìí.