Tí ohùn bá ń fi ẹnu sílẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí yíyí frame rate fídíò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ ẹ́dítì fídíò, ìṣòro kan wà tẹ́ ẹ máa bá pàdé láìpẹ́, tẹ́ ò bá tíì bá a pàdé. Ẹ yí fídíò látorí frame rate kan (ìyẹn iye fíréèmù, àwọn àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn, ní sẹ́kọ́ǹdì kan) sí òmíì, ẹ ṣí i, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáa gan-an, ohùn ń bá ẹnu rìn, ẹ wá fò lọ sí ìparí, àṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti pa ẹnu dé kí ohùn ẹ̀ tó dé. Ohun tí mo ń rí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fa ohùn yẹn síwájú díẹ̀ lórí timeline (ibi tẹ́ ẹ ti ń to àwòrán àti ohùn nínú ẹ́dítọ̀), ibẹ̀ á dáa, wọ́n á lọ wo ọ̀nà iwájú, ó tún ti yà, wọ́n á gé e, wọ́n á tún fà á, títí gbogbo ohùn fídíò wákàtí kan á fi di gégèégé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohùn tó bá ń yà lẹ́yìn tẹ́ ẹ yí fídíò kì í ṣàdédé yà, nọ́ńbà kan ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti rí nọ́ńbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa tún un ṣe.

Torí náà wíwọ̀n ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ wá ibi tẹ́nì kan ti pàtẹ́wọ́ tàbí tí ilẹ̀kùn ti dé gbàà, tàbí ibi tí ètè ti pàdé fún "b" tàbí "m", kẹ́ ẹ rí ọ̀kan nítòsí ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ rí òmíì nítòsí ìparí, kẹ́ ẹ wo iye tí ohùn fi pẹ́ tàbí tó fi yá ju àwòrán lọ níbi méjèèjì. Tó bá jẹ́ iye kan náà níbi méjèèjì, kì í ṣe pé ohùn ń yà, ó kàn pẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ sún un lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Àmọ́ ká ní ní mínítì kejì ohùn fi 0.12 sẹ́kọ́ǹdì pẹ́, nígbà tó di mínítì 50 ó ti di sẹ́kọ́ǹdì 3. Ẹ yọ 0.12 kúrò nínú 3, ó ku 2.88. Àárín mínítì méjèèjì jẹ́ mínítì 48, ìyẹn sẹ́kọ́ǹdì 2880. Ẹ pín 2.88 sí 2880, ẹ máa rí 0.001. Tẹ́ ẹ bá ti rí 0.001 yìí, ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tó ṣe é: fáìlì 23.976 ni nǹkan kan ń kà sí 24, tàbí 29.97 ni wọ́n ń kà sí 30.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ibi tí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún yẹn ti wá, torí á máa tẹ̀ lé yín kiri nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1953, fíréèmù 30 ní sẹ́kọ́ǹdì kan ni wọ́n ń lò, wọ́n wá rí i pé sígínà kọ́lọ̀ lè máa kọlu sígínà ohùn, kó sì máa hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n bá dín 30 kù díẹ̀, ó di 30000 tí a pín sí 1001, tí a ń pè ní 29.97. Fíìmù tí wọ́n ń yà ní 24 náà ní láti bá a sọ̀ kalẹ̀, ó di 24000 tí a pín sí 1001. Títí dòní la ṣì ń gbé e. Wákàtí kan tẹ́ ẹ bá gbàgbé ìyàtọ̀ kékeré yìí, sẹ́kọ́ǹdì 3.6 ló máa jẹ yín. Kódà ẹni tó kọ 23.98 sínú sọ́fúwià dípò 24000/1001 máa rí nǹkan bí 0.6 sẹ́kọ́ǹdì ní wákàtí kan, èyí sì tó kí gbogbo ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Bí sọ́fúwià bá lè gba ìdá, ìdá ni kẹ́ ẹ máa kọ fún un.

Àwọn nọ́ńbà tó kù náà ní ojú tẹ́ ẹ fi lè dá wọn mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi 4.17 pásẹ́ǹtì, 24 àti 25 ló ń jà. 4.27, 23.976 àti 25 ni. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi 8.8, ẹ fi frame rate sílẹ̀, ẹ lọ wo sample rate (iye ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn ní sẹ́kọ́ǹdì kan), ó lè jẹ́ pé ohùn 44100 ni wọ́n ń kà sí 48000 tàbí òdì kejì ẹ̀, èyí kì í ṣòro mọ̀ torí ohùn èèyàn fúnra ẹ̀ á ti yí padà.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo lẹ máa fara balẹ̀ kà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ibí. Ọ̀nà méjì la ń gbà yí frame rate, wọn ò sì jọra rárá. Ọ̀nà kìíní, gígùn fídíò ò yí padà, wákàtí kan ṣì jẹ́ wákàtí kan, sọ́fúwià kàn ń sọ àwọn fíréèmù kan di méjì tàbí kó yọ àwọn kan kúrò kí iye wọn lè pé. Tẹ́ ẹ bá ń lo ffmpeg (sọ́fúwià tí wọ́n ń fi àṣẹ kíkọ yí fídíò àti ohùn), -vf fps=25 ló ń ṣe ìyẹn. Pulldown tí wọ́n fi ń sọ 23.976 di 29.97 náà, inú ẹ̀ ló wà. Níbí, ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohùn o, torí àkókò ò kúrò níbi tó wà. Ọ̀nà kejì, fíréèmù ò lé, kò dín, eré tí wọ́n ń sá ló yí padà: fíìmù 24 tí wọ́n ń fi 25 sáré, mínítì 100 á di 96. Níbí, ohùn gbọ́dọ̀ sáré pẹ̀lú ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ìdí tí ohùn fi ń yà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà fún àwòrán, ọ̀nà kìíní ni wọ́n gbà fún ohùn, wọn ò sì mọ̀. Àpẹẹrẹ ẹ̀ nìyí: nínú ffmpeg, tẹ́ ẹ bá kọ -r 25 síwájú -i (tó ń tọ́ka sí fáìlì tẹ́ ẹ fẹ́ yí), àkókò tó wà nínú fáìlì yẹn kò ní kà á mọ́, á kàn to àwọn fíréèmù tẹ̀ lé ara wọn ní 25. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sẹ́yìn -i, ó máa sọ wọ́n di méjì tàbí kó yọ wọ́n, gígùn fídíò á sì dúró. Lẹ́tà kan náà, nọ́ńbà kan náà, ibi tẹ́ ẹ gbé e sí nìkan ló yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ eré lẹ fẹ́ yí lóòótọ́, ohùn ní ọ̀nà méjì tiẹ̀ náà. Fílítà ffmpeg tó ń jẹ́ atempo á mú kó yá láìyí bí ohùn ṣe rí padà, látorí 24 sí 25 ẹ máa fún un ní 1.0416667, látorí 23.976 sí 25 ẹ máa fún un ní 1.0427083. Èkejì ni kẹ́ ẹ sọ ohùn 48000 di asetrate=50000 kẹ́ ẹ wá dá a padà pẹ̀lú aresample=48000, eré á yá, ohùn á sì ga sí i díẹ̀, ó tó nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá semitone (àlàfo tó kéré jù láàárín ohùn méjì lórí dùùrù). Fún ọ̀rọ̀ sísọ, èmi á mú atempo. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé fíìmù tí wọ́n ti sọ di 25 tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ dá padà sí 24, ẹ gbọ́ orin inú ẹ̀ dáadáa, ẹ fi wé orin yẹn níbòmíì tẹ́ ẹ bá ní in. Tó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ lo asetrate=46080 kẹ́ ẹ tún fi aresample tẹ̀ lé e, eré á padà, ohùn náà á padà sí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ ohùn kan tó padà sípò báyìí, torí àwọn tó kọ orin yẹn ò ní in lọ́kàn pé ká máa gbọ́ ọ bíi ti ẹlòmíì.

Fídíò fóònù àti ti screen recorder, àwọn yẹn tún yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ìṣirò tí mo ṣe lókè ò ti ní ràn yín lọ́wọ́. Frame rate wọn kì í dúró sójú kan. Tí ibi tí wọ́n ti ń yà á bá ṣókùnkùn tàbí tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún fóònù, á dín fíréèmù kù, tó bá yá á tún gbé e sókè, ẹ máa wọn ohùn níbi mẹ́ta, ẹ máa rí i pé iye tó fi ń yà ò tẹ̀ lé ara wọn, ó lè pọ̀ láàárín kó tún dín kù níparí. Kò sí nọ́ńbà kan tó máa tún èyí ṣe. Ẹ ṣí fáìlì yẹn nínú MediaInfo (sọ́fúwià tó ń sọ bí fáìlì fídíò ṣe rí) kẹ́ ẹ tó gbé e wọ ẹ́dítọ̀, tó bá kọ Variable síwájú Frame rate mode, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ di èyí tó dúró sójú kan, fps=30 nínú ffmpeg tàbí Constant Framerate nínú HandBrake (sọ́fúwià míì tó ń yí fídíò), ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gé fídíò tán o, ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Tí ohùn fúnra ẹ̀ bá ní àlàfo, bó ṣe máa ń rí nínú ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà sílẹ̀, ẹ fi aresample=async=1 kún un, á fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dí àlàfo yẹn kí ìyókù lè wà níbi tó yẹ.

Àwọn tó ń fi recorder gba ohùn lọ́tọ̀, aago inú káḿrà àti aago inú recorder yín kò lè bára mu délẹ̀délẹ̀. Ìyàtọ̀ ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan, mílísẹ́kọ́ǹdì 72 ni ní wákàtí kan. EBU, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù, nínú ìlànà R37 wọn, ní kí ohùn má fi ju mílísẹ́kọ́ǹdì 40 lọ yá, kó má sì fi ju 60 lọ pẹ́, ẹ rí i pé 72 ti kọjá ibẹ̀. Torí náà tí iṣẹ́ bá gùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ níwájú káḿrà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí.

Tí iṣẹ́ bá ní subtitle, ìdá tẹ́ ẹ lò fún ohùn lẹ máa lò fún òun náà. Ìlà tó wà ní mínítì 100 nínú fíìmù 24 gbọ́dọ̀ bọ́ sí mínítì 96 nínú ti 25, ẹ lọ wo ìlà tó kẹ́yìn pátápátá kẹ́ ẹ tó fi fáìlì ránṣẹ́.