Bí ìdánwò bá pọ̀ jù lórí dátà kan

P-value ni ìwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe tó kí a rí irú àbájáde tó wà lọ́wọ́, tàbí èyí tó lágbára jù ú lọ, níbi tí kò sí nǹkan kan; bí kò bá kọjá ààlà, a ó ní ìdánwò náà rí nǹkan. Ẹni tó fi 0.05 ṣe ààlà p-value ti gbà pé, níbi tí kò sí nǹkan kan, ìdánwò 1 nínú 20 ṣì lè pariwo lásán. Bí ìdánwò bá di 20, tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì, ó ṣeé ṣe dé ìwọ̀n 64% pé, ó kéré tán, ọ̀kan yóò parọ́.

Àtúnṣe Bonferroni rọrùn: ẹ pín 0.05 sí ọ̀nà 20, kí 0.0025 di ààlà. Àmọ́ bí ìdánwò bá wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó máa ń gbé òótọ́ mì pọ̀ mọ́ irọ́. Ọ̀nà Benjamini àti Hochberg (1995) ló sàn níbẹ̀ lójú tèmi. Ẹ to p-value láti kékeré dé ńlá. Ààlà ipò kẹta, bí àpẹẹrẹ, ni 0.05 × 3 ÷ iye ìdánwò. Ọ̀dọ̀ èyí tó tóbi jù ni kí ẹ ti máa wò ó bọ̀: èyí àkọ́kọ́ tí kò kọjá ààlà rẹ̀, òun àti gbogbo èyí tó kéré sí i ló yege. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kékeré máa ń tètè dúró, wọ́n á sì pàdánù èyí tó yẹ kó yege.

Iye ìdánwò ni gbogbo èyí tí ẹ ṣe, títí kan èyí tí ẹ kò kọ sínú àbọ̀ ìwádìí.