Ẹ Jẹ́ Kí Ọ̀pá Dúró Kí Ẹ Tó Tú Okùn Sílẹ̀

Ó ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, ní Rutland Water, adágún omi kan níbí ní England, ẹja trout ń yọ níwájú mi, kò ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwọ̀ oníìyẹ́ pẹja mọ bó ṣe máa ń rí lára.

Mo fi ọ̀pá ju okùn sẹ́yìn, ó nà tán. Mo fì í síwájú, mo tú ọwọ́ òsì tí mo fi di okùn mú. Ó wó sójú omi nítòsí mi, ó lọ́ pọ̀ bí ìfun ewúrẹ́. Ẹja tún yọ. Mo tún jù ú, ó tún wó. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, orí mi ló wó lé, ìwọ̀ sì kọ́ mi létí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dúró nínú omi tó dé orúnkún, mo ń yọ ìwọ̀ létí ara mi, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí mi léjìká, ẹja sì ń jẹun lọ bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé afẹ́fẹ́ ni. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń fẹ́ lu bàbá òyìnbó tó wà lápá òsì mi, okùn tirẹ̀ sì ń nà bí ọfà.

Ọwọ́ mi ló jẹ̀bi. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, àwọ̀n tí bàbá mi ń jù sínú ọ̀sà ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ti àwọ̀n, ara ṣì ń yí lọ́wọ́ ni ọwọ́ ti ń tú u sílẹ̀, kí òjé lè fẹ̀ ẹ́. Ọ̀pá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá dá ọ̀pá tó tẹ̀ dúró lójijì ló máa ta okùn síwájú. Ẹni tó bá tú okùn kí ọ̀pá tó dúró, okùn ti dẹ̀ nìyẹn, ọ̀pá kò rí nǹkan fà mọ́.

Nítorí náà, ẹ dá ọ̀pá dúró. Ẹ jẹ́ kí okùn ká kọrọdọ kọjá ṣóńṣó ọ̀pá, kí ẹ tó tú ọwọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ẹ dá ọ̀pá dúró. Bí ẹja bá ń yọ tí ara yín kò balẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ dá a dúró. Ẹ dé fìlà, ẹ wo awò ojú pẹ̀lú. Etí ló bà mí, ì bá jẹ́ ojú.

Mo so òwú pupa dípò ìwọ̀, mo ń jù ú lórí koríko láràárọ̀. Àná ni mo padà síbẹ̀, mo ń sọ “dúró” jáde lẹ́nu kí n tó tú ọwọ́. Ẹja kan jẹ. Ó wúwo tó pọ́n-ùn 2.