Akòko tí a ń gé lórí kì í tanná

Ẹni tó jẹ́ pé ara ọgbà nìkan ló ti ń rí akòko lè má mọ̀ pé ó ní òdòdó. Òdòdó náà sì rẹwà púpọ̀: àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu kàkàkí, wọ́n á ṣù jọ sí ṣóńṣó ẹ̀ka. Ṣóńṣó yẹn gan-an ni àdá ń gé nígbà tí a bá ń tún ọgbà ṣe. Ẹ fi igi kan tàbí méjì sílẹ̀ ní igun ọgbà, kí àdá má kàn wọ́n lórí fún ọdún bíi mélòó kan.

Ọ̀pá ni ká fi gbìn ín, ó yá ju kóró lọ. Èyí tó ti gbó ni kẹ́ ẹ mú, tó ki tó àtàǹpàkò ó kéré tán. Tọgbà lè ki tó ọrùn ọwọ́, kó sì gùn tó mítà kan àbọ̀. Àdá tó mú ni kẹ́ ẹ fi gé e. Àdá tó kú á fọ́ èèpo rẹ̀, omi á wọ ibẹ̀, ọ̀pá á sì jẹrà láti ìsàlẹ̀. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní dídagẹ̀rẹ́, kẹ́ ẹ gé orí rẹ̀ ní pẹrẹsẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà dorí rẹ̀ kodò. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan ni kó wọlẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ ki iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, torí bó bá ń mì, gbòǹgbò tuntun á máa já.

Bó bá rúwé, ẹ má tíì yọ̀. Oúnjẹ inú ọ̀pá ló kọ́kọ́ fi ń rúwé, ó lè má tíì ní gbòǹgbò rárá. Ẹ má sì fà á wò o!

Ní Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, ìgbà òjò àkọ́kọ́ ló dáa jù, láti oṣù Kẹta tàbí Kẹrin tí òjò bá ti rọ̀ dénú ilẹ̀. Èyí tí a bá gbìn sígbà òjò kejì, ẹ̀ẹ̀rùn máa ń ká a mọ́ kó tó rinlẹ̀. Ilẹ̀ pupa tí omi ń fà nínú rẹ̀ bá a mu, pẹ̀lú oòrùn gbangba. Níbi tí omi ti ń dúró, lápá ọ̀sà Àjàṣẹ́, ẹ kọ ebè gíga kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Ẹ má kó koríko gbígbẹ jọ sídìí rẹ̀, ikán á tẹ̀ lé e. Ẹ ṣọ́ra fún ewúrẹ́ náà, ọ̀mùnú ló máa ń wá.

Bí wọ́n bá fẹ́ jáwé oyè, ara ọgbà ni kí wọ́n ti já a, kí wọ́n fi igi igun yẹn sílẹ̀.