Rédíétọ̀ tuntun, ẹ́ńjìnì ṣì ń gbóná: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, bí ẹ bá pààrọ̀ rédíétọ̀ tán tí ọwọ́ géèjì ìgbóná ṣì ń gòkè, ẹ má tíì dárúkọ tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì (èdìdì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì àti hẹ́ẹ̀dì tó wà lókè rẹ̀) fún oníbàárà. Ohun tí ọwọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: omi, ìdérí, họ́ọ̀sì, wáyà fáànù. Toyota Corolla 2003 sí 2008, èyí tó ní ẹ́ńjìnì 1ZZ, ni n ó fi ṣàlàyé, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kì í dé.

Afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ́ńjìnì ló máa ń fa wàhálà jù. Nǹkan bíi lítà 6.5 ni omi tí ẹ́ńjìnì yìí ń gbà lápapọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú rédíétọ̀ nìkan, díẹ̀ á ṣẹ́ kù sínú búlọ́ọ̀kù. Nítorí náà, ẹ gbé báàfù sábẹ́, kí ẹ wọn èyí tó jáde. Bí lítà 5 bá jáde, tó wá jẹ́ pé lítà 3 péré ni ẹ dà sí i tó fi kún dé ẹnu, afẹ́fẹ́ ti gba àyè lítà 2 nínú lọ́hùn-ún. Géèjì gan-an lè purọ́ fún yín: àfi kí omi bo sẹ́ńsọ̀ kó tó lè ka ìgbóná bó ṣe yẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá yí i ká, ọwọ́ géèjì lè wà nísàlẹ̀ nígbà tí hẹ́ẹ̀dì ń jóná.

Bí a ṣe ń lé e jáde nìyí. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju ibi yòókù lọ. Ẹ yí híítà síbi tó gbóná jù, kódà kó jẹ́ ọ̀sán gangan n'Íbàdàn. Ẹ po kúláǹtì pọ̀ mọ́ omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì, ẹ rọra máa dà á, kí ẹ máa fi ọwọ́ fún họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń dún gbúlúgbúlú jáde. Ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnì láìtíì dé e, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, tẹ́mọ́sítáàtì, fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà omi sí rédíétọ̀ bí omi bá gbóná, á ṣí (ní nǹkan bíi 82°C ló ń bẹ̀rẹ̀), omi á sì lọ sílẹ̀ lójijì. Ẹ fi kún un. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá jáde mọ́ lẹ́nu rédíétọ̀, ẹ dé ìdérí, ẹ dúró títí fáànù á fi dá ara rẹ̀ tàn, tí á kú, lẹ́ẹ̀mejì. Bí híítà bá ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà tí ẹ́ńjìnì gbóná, afẹ́fẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ẹ́ńjìnì ti tutù pátápátá, ẹ tún ṣí i wò.

Tí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ẹ bi oníbàárà léèrè ibi tó ti ń gbóná. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í béèrè, wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí tú nǹkan. Bó bá jẹ́ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nìkan, tó sì ń tutù bó bá ti ń sáré, ọ̀rọ̀ fáànù ni. Ẹ tan AC. Fáànù gbọ́dọ̀ yí. Bí kò bá yí, ẹ wo fíùsì, rìléè àti púlọ́ọ̀gì wáyà fáànù tí ẹ gbàgbé láti fi padà. Bó bá ń yí, ẹ mú bébà kan sún mọ́ iwájú kọ́ndẹ́ńsà (rédíétọ̀ AC tó wà níwájú): ó yẹ kó fà á mọ́ra. Bó bá ń fẹ́ ẹ dànù, ẹnì kan ti gé púlọ́ọ̀gì, ó sì so wáyà méjèèjì ní òdì. Fáànù wá ń bá atẹ́gùn iwájú jà. Ẹ má sì ju ike tó yí fáànù ká nù, òun ló ń jẹ́ kó fa atẹ́gùn láti gbogbo ojú rédíétọ̀.

Bó bá jẹ́ lórí eré, bíi ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, omi ni kò rìn tó tàbí tí kò tutù tó. Ẹ wo ìsanra rédíétọ̀ tí ẹ rà, bóyá ó tín-ín-rín ju ti àtijọ́ lọ (mílímítà 16 àti 26 ló wọ́pọ̀ lọ́jà), ẹ wo bóyá họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀ bí ẹ bá gbé eré ẹ́ńjìnì sókè. Ẹ sọ tẹ́mọ́sítáàtì sínú ìkòkò omi lórí iná: kí omi tó hó, ó yẹ kó ti ṣí tó mílímítà 8. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ sọnù. Nínú ẹ́ńjìnì púpọ̀, ìdí tẹ́mọ́sítáàtì ló ń dí ọ̀nà àbùjá omi. Bí ẹ bá yọ ọ́, púpọ̀ nínú omi gbígbóná á kàn máa yí po nínú ẹ́ńjìnì láìkọjá sí rédíétọ̀.

Ìdérí kéré lójú, ṣùgbọ́n 1.1 tí wọ́n kọ sí i (agbára ìtẹ̀ tó ń dì mú, ní bar) kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Agbára yẹn ni kì í jẹ́ kí omi hó ní 100°C. Ó ń gbé e dé nǹkan bíi 120°C. Rọ́bà tó ti gbẹ kò lè dì í mú. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ ṣí i nígbà tó bá gbóná: omi tí kò hó á di oru gbígbóná mọ́ ọ lójú. Bí ẹ bá bá họ́ọ̀sì òkè tó rún pẹrẹsẹ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì tutù, fáàfù kékeré àárín ìdérí kò ṣí kí omi lè padà láti inú ike tó ń gba omi àkúnwọ́sílẹ̀.

Fún jíà ọ́tò, inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì jíà (ATF) ń gbà kọjá láti tutù, nítorí náà ẹ fi ATF dípò èyí tó bá rédíétọ̀ àtijọ́ lọ.

Gáskẹ́ẹ̀tì ló kẹ́yìn. Ẹ ṣí ìdérí ní àárọ̀, ẹ sítáàtì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń dún gbúlúgbúlú jáde nínú omi láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, tí kò sì dáwọ́ dúró, tàbí tí họ́ọ̀sì le gbagidi kíákíá bí ẹ bá dé e, gáàsì láti ibi tí epo ti ń jó ń wọ inú omi. Nígbà tí ẹ bá sọ hẹ́ẹ̀dì kalẹ̀, ẹ gbé irin tó tọ́ lé ojú rẹ̀, ẹ fi fíílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo bá ti ju mílímítà 0.05 lọ, ó ti tẹ̀. Ẹ gbé e lọ fá kí ẹ tó ra gáskẹ́ẹ̀tì tuntun.