Owó náà dà?

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀ ń bi mí pé ìwé ẹ̀rí wo lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó lè ríṣẹ́ sí báńkì ìdókòwò l'Ékòó. CFA, ìwé ẹ̀rí àgbáyé fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìdókòwò, ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Òun lèmi náà kọ́kọ́ sáré sí.

Ìpele mẹ́ta ni. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà fúnra wọn dámọ̀ràn wákàtí 300 ìkàwé fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Mo kà á lóru, mo kà á nínú dáńfó láti Ìkòròdù títí dé CMS, mo sì yege ìpele kìíní. Kò pẹ́ tí mo fi ríṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá mi gbé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta fún mi, ti ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń yáwó lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò. Èrè wọn ń ròkè lọ́dọọdún, mo bá kọ ọ́ pé ara ilé-iṣẹ́ náà le. Ọ̀gá kà á tán, wọ́n ní: "Owó náà dà?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Àwìn ni ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ń tà. Ìyá aláṣọ ní Bàlógun tó gbé aṣọ fún ogún oníbàárà láwìn lè kọ èrè ńlá sínú ìwé rẹ̀, síbẹ̀ kó má rówó ra ẹrù tuntun lóṣù tó ń bọ̀. Bí tiwọn náà ṣe rí nìyẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo ti dáhùn ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an nínú ìdánwò, mo sì gbà á! Ìbéèrè 180 ló wà ní ìpele kìíní, ìdáhùn mẹ́ta ni wọ́n ń tò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pé kéèyàn mú ọ̀kan. Mo mọ èyí tó yẹ kí n mú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa wá a rí nínú ìwé ilé-iṣẹ́ gidi.

Ìdánwò ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn àkáǹtáǹtì Nàìjíríà, tí mo padà lọ ṣe ló là mí lójú. Níbẹ̀, ọwọ́ ara ẹni lèèyàn fi ń to ìṣirò láti òkè délẹ̀, títí dórí ti ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ilé-iṣẹ́ mìíràn lábẹ́. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ò kọ́ ìṣirò owó ní yunifásítì. Ẹ má ṣe é pọ̀ mọ́ CFA. Mo ti rí àwọn tó dáwọ́ lé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn ò rí ọ̀kan parí. Ẹni tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ alágbàtà ìpín ìdókòwò ló wù ú, ìdánwò CIS, ti ẹgbẹ́ àwọn alágbàtà náà, ni kó lọ ṣe.

Bẹ́ ẹ bá wá dé orí CFA, ẹ rántí pé ẹni tó yege ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì gbọ́dọ̀ ní wákàtí 4,000 lẹ́nu iṣẹ́, láàárín oṣù tí kò dín ní 36, kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí náà. Àwọn tó ń ṣètò CFA sì ní ẹ̀dínwó fún ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò tó owó ìdánwò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé béèrè fún un kẹ́ ẹ tó lọ yáwó.

Èyí tẹ́ ẹ lè ṣe láìsan kọ́bọ̀ nìyí: ẹ wa ìròyìn ọdọọdún Dangote Cement jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín da ìṣirò ọdún mẹ́ta kọ sínú Excel. Ẹ wo èrè. Ẹ wá owó tó wọlé gan-an. Ẹ kọ ojú ìwé kan péré lórí ìdí tí méjèèjì ò fi dọ́gba, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á.